Òkúta inú mi ti di iyanrìn, ẹ bá mi dúpẹ́

Alhamdulillahi! Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀yin alájọjà mi ní ọjà Ouando, alákàrà yín tí ẹ ń béèrè láti ìgbà Iléyá ti dé o.

Ẹ rí mi kí n tó lọ. Ẹyinjú mi pọ́n bí ẹni fi àtàlẹ̀ pupa pa á, ìtọ̀ mi dúdú bí àgbo, ìgbẹ́ mi funfun bí ẹfun. Ara ń yún mi débi pé kànìnkànìn gbígbẹ ni mo fi ń họ ẹ̀yìn lóru. Wọ́n ní ibà pọ́njú ni. Mo mu àgbo títí. Ilé ìwòsàn kan náà fún mi lóògùn ibà fún oṣù kan gbáko (n kò ní dárúkọ wọn). Àṣé òkúta ló dí ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà ti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun!

Ọmọ mi tó wà ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ló sáré físà. Níbẹ̀, wọ́n ti ẹnu ki rọ́bà olójú kan sí mi nínú, wọ́n fẹ́ fa òkúta náà jáde. Kò gbà, ó ti tóbi jù. Wọ́n wá fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú mi dé ọ̀nà òróòro. Oògùn tí wọ́n ń rọ síbẹ̀ ló ń jẹ́ kí òkúta hàn nínú àwòrán.

Wọ́n tẹ́ mi, wọ́n gbé àpò omi tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kan ti ìhà mi. Ẹ̀rọ yẹn ń rán ìgbì líle wọnú ara láti fọ́ òkúta. Kọ́! Kọ́! Kọ́! Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa ẹ̀kùrọ́ lẹ́yìnkùlé? Bó ṣe ń dún nìyẹn, tó ń ta mí níhà bí ẹni ń fi ìka ta mí. Ọ̀bẹ kò kàn mí. Ìgbì yẹn ń gba inú ẹran kọjá, orí òkúta ni agbára rẹ̀ ti ń pàdé. Dókítà sọ fún mi pé Munich, nílẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òkúta kíndìnrín ni wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́ ní 1980, ó di 1985 kí wọ́n tó fi fọ́ ti òróòro. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ gbọ́ nǹkan!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Wọ́n tún ki rọ́bà bọ ẹnu mi, wọ́n gbá ìfọ́kù rẹ̀ jáde. Wọ́n fi hàn mí nínú ike: kò kún ṣíbí.

Lánàá mo din àkàrà àti mọ́sà fún sàráà. Ẹyọ kan péré ni èmi jẹ, ẹ̀rù epo ṣì ń bà mí. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó, bọ́ sí oòrùn.” Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó wo ìkejì.

Ó ní, “Ó ti funfun.” Ló bá bú sẹ́kún.