Bí ẹ ó ṣe ka ẹjọ́ ìwé ní Íjíbítì: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ ìmọ̀ Lárúbáwá

Ẹ̀yin àbúrò, bí wọ́n bá ti dárúkọ Ali Abdel Raziq tàbí Taha Hussein, àwọn òǹkọ̀wé ará Íjíbítì tí ìwé wọn dá ẹjọ́ sílẹ̀, wọn á ní ó ba ẹ̀sìn jẹ́, tàbí kí wọ́n ní ó la aráyé lójú. Ẹ pa méjèèjì tì ná. Ẹ wá ọdún tí ìwé jáde, ẹni tó wà lórí oyè nígbà náà, àti irú ilé ẹjọ́ tó dá a.

Ẹ mú ti Abdel Raziq. Ní oṣù kẹta 1924, Tọ́kì pa ipò kálífà, olórí gbogbo Mùsùlùmí, rẹ́. Ní 1925, ó gbé ìwé jáde pé kò sí ibi tí Kùránì tàbí hádíìsì ti sọ ipò náà di dandan, àti pé òjíṣẹ́ ni Ànábì, kì í ṣe ọba. Áfáà tó jáde ní Azhar, ilé ẹ̀kọ́ ńlá Ìsìláàmù ní Káírò, ni, ó sì ń ṣe adájọ́ ṣẹ̀ríà. Inú kéwú ló ti fa púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n Fuad, ọba Íjíbítì, ti ń fojú sí ipò kálífà tó ṣófo yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn àgbà onímọ̀ Azhar gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ adájọ́ sì bá a lọ. Abd al-Aziz Fahmi, mínísítà ètò ìdájọ́, kò yára mú ìdájọ́ náà ṣẹ, ni wọ́n bá yọ òun náà. Ẹni tó bá yọ Fuad kúrò nínú ìtàn yìí, ìyókù kò lè yé e. Lẹ́yìn ikú ọba náà, wọ́n dá ipò onímọ̀ padà fún Abdel Raziq, ó tún di mínísítà.

Ti Taha Hussein ní kòtò kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń já sí. Ìwé rẹ̀ ti 1926 ní èyí tó pọ̀ jù nínú ewì tí à ń pè ní ti ìgbà jàhílíyà, ìyẹn ìgbà tó ṣáájú Ìsìláàmù, lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìlà díẹ̀ lórí Ànábì Ibrahim àti Ismail ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó yọ ibẹ̀ kúrò, ó fi orí mìíràn kún un, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì tún un tẹ̀ ní 1927. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń kà tí wọ́n á fi ní "kò sí nǹkan níbẹ̀." Ẹ wo ọdún ìtẹ̀jáde kí ẹ tó jiyàn. Kí ẹ sì wá ìwé ìpinnu Muhammad Nur, agbẹjọ́rò ìjọba tó pa ẹjọ́ náà dé ní 1927: ó bu ẹnu àtẹ́ lu àlàyé rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò rí èrò ọ̀daràn níbẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ìwé tó dára jù ú lọ láti fi kọ́ bí a ṣe ń takò ènìyàn.

Wọ́n sábà máa ń di ẹjọ́ Nasr Abu Zayd, olùkọ́ ní Yunifásítì Káírò, ru Azhar, ṣùgbọ́n kóòtù ìjọba ló dá a. Ìgbéga rẹ̀ sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Àwọn kan wá fi hisba, ẹ̀tọ́ tí Mùsùlùmí ní láti pẹjọ́ nítorí ẹ̀sìn, bẹ kóòtù pé kó tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, wọ́n ní ó ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Kóòtù àkọ́kọ́ kọ̀ ní 1994. Ti kòtẹ́milọ́rùn ní 1995 ní ó ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Èyí tó ga jù fọwọ́ sí i ní 1996. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Leiden, ní Nẹ́dálándì, nígbà yẹn. Lọ́dún kan náà, òfin tuntun fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba nìkan.

Àríyànjiyàn tí kò dé kóòtù tún wà. Ẹ má ka Jabiri, onímọ̀ ará Mòrókò, láìgbé Tarabishi, alárìíwísí ará Síríà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí Tarabishi lọ yẹ àwọn ibi tí Jabiri tọ́ka sí wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jà lórí Ikhwan al-Safa, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́: ẹ ṣí Rasa'il wọn, ìyẹn àkójọ ìwé tí wọ́n kọ, síbi tí Jabiri fà yọ, kí ẹ ka ojú ewé mẹ́ta tó ṣáájú àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.