Igi kékeré inú fáyólìn

Ẹ bá mi yọ̀, fáyólìn mi àkọ́kọ́ fọhùn lónìí! Newark, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ fáyólìn ṣíṣe. Igi maple lẹ̀yìn rẹ̀, spruce ni iwájú. Iwájú yìí ni mo fá títí tó fi ku bíi mìlímítà 3. Iwájú tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo fá a kọjá ààlà, ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá bíi léèsì. Ó di igi ìdáná.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tòní ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Igi róbótó kan wà, kò tó pẹ́ńsù nípọn, tí a ń gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tì bọ inú fáyólìn, kó lè dúró gbọn-in láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Kò sí gúlùù níbẹ̀ rárá. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní anima, ìyẹn ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló ṣubú! Ọ̀gá mi kàn ń mu tíì wọn ni.

Mo pe Bàámi, káfíńtà ni wọ́n n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Látọjọ́ yìí, àga mélòó lò bá ti kàn?" Ẹ gbọ́ bàbá yìí o! Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo fi ọrun fa okùn kan.

Wọ́n dákẹ́.

"Tún un fà."