Ta Ló Ka Ìka Ayaba?

Ìka kan ṣoṣo ló dójú tì mí ní Tower of London, odi àtijọ́ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo mú ọmọ àbúrò mi lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ọmọ ọdún 11, ẹlẹ́nu ṣáṣá. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ka ìtàn àròsọ nípa àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo sọ ara mi di atọ́nà. Mo ní inú ọgbà yìí ni wọ́n ti bẹ́ orí Anne Boleyn, ìyàwó kejì Ọba Henry Kẹjọ, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1536. Mo ní idà ni wọ́n fi bẹ́ ẹ, kì í ṣe àáké. Ibẹ̀ yẹn dáa. Àfi bí mo ṣe fi kún un pé ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Àǹtí, ta ló kà á?"

Èmi ti ka ìwé. Ẹni tó ka ìka ni n kò mọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo tú u wò. Nicholas Sander ló gbé ọ̀rọ̀ ìka yẹn sínú ìwé, àlùfáà Kátólíìkì tó sá kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀sìn. Ọdún 1585 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n pa Anne, inú sì ń bí i sí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí bí Henry ṣe kúrò lábẹ́ Póòpù kó lè fẹ́ Anne. Ẹ wá wo Eustace Chapuys, ikọ̀ Charles Karùn-ún tó ń jọba ní Sípéènì, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lójú ayé Anne. Ọ̀gá rẹ̀ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Catherine ti Aragon ni, ìyàwó tí Henry kọ̀ sílẹ̀. Àlè ni Chapuys ń pe Anne nínú lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tó ń pe obìnrin ní àlè, ṣé yóò rí ìka kẹfà kó bò ó láṣìírí? Kò kọ ọ́ síbì kankan. George Wyatt, tó gbèjà Anne, jẹ́wọ́ èékánná kékeré kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀. Èékánná lẹ́nu ọ̀rẹ́, odindi ìka lẹ́nu ọ̀tá.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣí ìtàn àròsọ. Àwọn òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ a máa jẹ́wọ́ síbẹ̀: ẹni báyìí kò sí láyé rí, ogun báyìí ni mo sún síwájú. Bí n kò bá rí irú rẹ̀, mo ṣì ń ka ìwé náà, mo sì ń gbádùn rẹ̀ bí ẹ̀pà. N kò kàn ní fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Àwọn ìwé ìtàn gidi tí wọ́n kọ fún gbogbo ayé náà ní tiwọn. Níbi tí wọ́n bá ti kọ "inú ayaba á ti bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà," ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ má sì torí ìyẹn da gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀tá nù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí ọmọ àbúrò mi tó dáyé, nítorí Richard Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì kan. Ojú ogun ló kú sí ní Bosworth lọ́dún 1485, abẹ́ ìdílé ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ìtàn rẹ̀: abuké ni, apá rẹ̀ kan rọ. Mo di lọ́yà rẹ̀ ọ̀fẹ́, mo ní irọ́ ni látòkè délẹ̀. Lọ́dún 2012, wọ́n hú egungun rẹ̀ lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Leicester. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ lóòótọ́. Apá tó rọ ni wọn ò rí. Wọ́n parọ́, wọn ò sì parọ́ tán.

Ti orúkọ, ẹ ní sùúrù. Thomas Wolsey, Thomas More, Thomas Cromwell, Thomas Cranmer, Henry Kẹjọ yìí kan náà ni gbogbo wọn sìn. Ìwé pélébé ni mo ń kọ wọ́n sí, òun náà ni mo fi ń sàmì sí ibi tí mo kà dé.

Ibi tó ti kan tiwa ni Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ará Dahomey kó lẹ́rú lọ́dún 1848, tí Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, sì mú dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria lọ́dún 1850. Sarah Forbes Bonetta ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn kan a máa kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ní "Omoba Aina", bí ẹni pé Ọmọba ni wọ́n pè é lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, mo mọ̀ pé ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí Forbes kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1851 ni pé àwọn ọmọ ilé ńlá ni ọba Dahomey máa ń pa mọ́ fún ìrúbọ. Ibẹ̀ ló ti gbà pé ọmọ ilé ńlá ni Àìná náà. Nígbà tó ṣègbéyàwó ní Brighton lọ́dún 1862, "Ina" ló wà níwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìgbéyàwó.

Mo fi han ọmọ àbúrò mi. Ó wò ó dáadáa. "Àìná ni, Àǹtí. Wọ́n kàn gbé A jẹ."