Kí Ló Ń Lé Wọn?

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2025, ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ní Tokyo lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ti mọ́, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sọ́ńdè ni. Ní Kubwa níbí, wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, Bàbá Tómi ti ń hanrun, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè wa sì ti dákẹ́. Mo ti ra dátà sílẹ̀ láti ọ̀sán. Mo gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tó wà ní pálọ̀, mo fi páálí òwú gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, mo sì jókòó tì í.

Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ti àwọn obìnrin níbi ìdíje eré sísá àgbáyé ni mò ń sọ, kìlómítà 42 àti mítà 195. Tí ẹ bá mọ Abuja, ẹ fi ojú inú wo ẹni tó fẹsẹ̀ sáré láti Kubwa dé Berger, tí kò jókòó sinmi rárá, tó tún kọjú padà sí Kubwa. Àwọn tó ń wọ mọ́tò gan-an máa ń ráhùn ọ̀nà yẹn.

Alẹ́ Fúráìdè kan ni eré yìí wọ̀ mí lára, 27 oṣù Kẹsàn-án 2019. Aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá ló ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìgbéyàwó wọn sì di ọjọ́ kejì ní Gwarinpa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì ti sùn lórí bẹ́ńṣì. Mo tan tẹlifíṣọ̀n kí oorun má baà gbé mi lọ, ni mo bá rí àwọn obìnrin tó ń sáré nínú òkùnkùn. Doha ni, ní Qatar. Aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ ni wọ́n tú wọn sílẹ̀, nítorí pé ọ̀sán ibẹ̀ kò ṣeé sún mọ́. Òru náà ò sì tutù. Ooru rẹ̀ lé ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa tí a ń gbé Abuja mọ ooru oṣù Kẹta dáadáa, ṣùgbọ́n ooru tiwa gbẹ. Ti Doha dà bí ìgbà téèyàn bá gbé orí sókè ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó. Òógùn á bo ara, kò ní gbẹ, bí kò bá sì gbẹ, ara ò lè tutù.

Àwọn 68 ló bẹ̀rẹ̀. 40 ló parí. Gbogbo ọmọ Ethiopia mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀ ló dúró lójú ọ̀nà, àwọn tí a mọ̀ pé eré yìí ni oúnjẹ wọn. Mo rí ẹni tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn gbé. Mo rí ẹni tó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà tó gbé orí lé eékún, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tì í síwájú, nítorí pé bí wọ́n bá ràn án lọ́wọ́ láti tẹ̀ síwájú, eré rẹ̀ ti parí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ náà, torí ojú mi ò sí lára aṣọ mọ́.

Ruth Chepngetich ti Kẹ́ńyà ló gba wúrà, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 32 àti ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ipò kẹta ni mo gbé lọ sílé lọ́kàn mi: Helalia Johannes, ọmọ Namibia, ẹni ọdún 39. Ọdún 38 ni èmi nígbà náà, mo sì ti ń pe ara mi ní àgbà. Ẹni tó ṣe ipò kẹfà, Roberta Groner ti Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì ni, ó bímọ mẹ́ta, ó sì ti pé ọdún 41. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ló borí gbogbo àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ nínú ooru yẹn.

Inú mi ò tíì yọ́ sí àwọn tó gbé eré náà lọ síbẹ̀ títí di òní. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn Doha tí ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì fi kéde pé eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Òlíńpíìkì Tokyo 2020 ò ní wáyé ní Tokyo mọ́, wọ́n gbé e lọ sí Sapporo ní ìhà àríwá Japan, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀. Ó dára. Àmọ́ ara àwọn obìnrin 28 ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Chepngetich kò tán síbẹ̀. Ní 2024, ní Chicago, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó parí eré yìí kó tó pé wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n fi òfin dè é fún ọdún mẹ́ta nítorí oògùn tí wọ́n bá lára rẹ̀. Wúrà Doha ṣì jẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ oògùn náà kò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn, ó dùn mí bí ẹni pé ọmọ ìyá mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi sáré.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń sáré. Ní 2021, mo lọ yẹ ara wò, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 170 lórí 105. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ̀mí, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní aránṣọ ni mí. Ó ní, "Ẹ dìde lórí àga yẹn." Ìyá mi náà kì í dìde lórí àpótí, àkàrà ló ń dín ní Ìkìrun láti ìdájí. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un lọ.

Ìrìn ni mo kọ́kọ́ ń rìn. Nígbà tó yá, mo ń sáré láti ẹnu géètì dé ìdí tiransifọ́mà, màá dúró mí, màá tún sáré padà. Láàrin oṣù mẹ́jọ mo ti ń sá kìlómítà márùn-ún. Ẹnu kò sì gbófo. Màmá Ìbejì tí a jọ ń gbé kọ́m̀páùndì dúró níwájú omi kànga ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pa á lówe létí gbogbo ènìyàn: "Àgbàlagbà kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní ọkọ mi ló ń lù mí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Tómi pè láti ilé: "Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ẹ ti ń sáré kiri ìgboro Abuja." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ara ni mo fi ń ṣe." Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún.

Òwe Màmá Ìbejì kò parọ́. Nǹkan ń lé mi lóòótọ́. Ohun tó pa ìyá mi ló ń lé mi, mo sì ti rí i kedere lórí ìwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo lọ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, 130 lórí 80 ni, pẹ̀lú oògùn tí mo ṣì ń lò.

Mo wá ń ka ìtàn àwọn obìnrin tó ti sá eré yìí ṣáájú, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi ní Kubwa ni wọ́n ti ń sọ sí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní eré tó gùn yóò ba ara obìnrin jẹ́. Ìdíje àgbáyé fún wọn láyè láti ìgbà àkọ́kọ́ tó wáyé, ní Helsinki ní 1983, Grete Waitz ti Norway ló sì gbà á. Òlíńpíìkì ò jẹ́ kí wọ́n sá a títí di 1984, ní Los Angeles. Joan Benoit gba wúrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò Gabriela Andersen-Schiess ti Switzerland ni mo máa ń wò. Ooru ti mú un débi pé ara rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn dókítà ń tẹ̀ lé e, ó ń yẹra fún wọn kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án, torí ìyẹn ì bá fòpin sí eré rẹ̀. Ó parí, ipò 37 ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Tokyo. Ní bíi aago méjì òru ku díẹ̀, Tómi jí, ó fẹ́ lọ tọ̀, ó rí mi lórí ìdúró. Ó ní, "Mọ̀mí, kí ló dé?" Mo ní kó wá wò ó. Àwọn méjì ló kù níwájú: Peres Jepchirchir ti Kẹ́ńyà, ẹni tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Sapporo, àti Tigst Assefa ti Ethiopia. Wọ́n jọ wọ pápá ìṣeré. Assefa ló kọ́kọ́ fò síwájú, ọkàn mi sì ní ó ti parí, torí ẹni tó ti sá mítà 800 rí ni, ó sá a dé Òlíńpíìkì Rio. Eré kúkúrú kò ṣàjèjì sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jepchirchir ò jẹ́ kí àyè ṣí. Nígbà tí wọ́n kọjú sí ibi ìparí tààrà, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọjá. Lẹ́yìn gbogbo kìlómítà 42, ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ló wà láàrin wọn: 2:24:43 àti 2:24:45. Tómi ti di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ó fẹ́ padà lọ sùn. Mo ní kó dúró de ẹni kẹta. Ọmọbìnrin kan dá wọlé, kò sẹ́ni níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Julia Paternain, tó ń sáré fún Uruguay. Ó parí, kò fò sókè, kò gbọ́wọ́ sókè. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Kò mọ̀ pé òun ló ṣe ipò kẹta, àfi ìgbà tí wọ́n sọ fún un. Títí di ọjọ́ yẹn, Uruguay ò tíì gba àmì ẹ̀yẹ kankan rí nínú ìdíje yìí. Tómi ní, "Ṣé kò ka iye àwọn tó wà níwájú ni?" Mo ní bóyá eré tirẹ̀ nìkan ló ń sá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, máígáàdì wa tó wá láti Katsina ṣí géètì fún mi. Hausa tí mo gbọ́ ò pọ̀, Yorùbá tirẹ̀ kéré sí i, ṣùgbọ́n a máa ń yé ara wa. Mo sọ ti Tokyo fún un. Ó béèrè iye tí wọ́n san. Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 dọ́là fún ẹni àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 35 fún ẹni kejì. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ìdajì ló bọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn nítorí ìṣẹ́jú-àáyá méjì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá dákẹ́, ó wolẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í rìn lọ sílé ìwé, sísá ló máa ń sá. Ó ní ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí oníhíjàbù wà níbẹ̀?

Mo sọ ti Sifan Hassan fún un, ọmọ tí wọ́n bí ní Ethiopia, tó dé Netherlands gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, ó kọ́kọ́ gba idẹ méjì nínú eré mìíràn, ó wá gba wúrà eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Híjàbù ló wé nígbà tí wọ́n fi wúrà náà sí i lọ́rùn. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́.

Ó wá lóòótọ́, ó ti wẹ̀, ó wọ jalabíà funfun. Mo fi àwòrán Hassan hàn án, mo wá gbé fídíò Tokyo sí i. Ó wo ibi tí Jepchirchir ti kọjá Assefa, ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló wò ó kó tó dìde, ó sì ní kí n gbà á sílẹ̀, pé ọmọ náà ń bọ̀ wá lo họlidé lọ́dọ̀ òun nínú oṣù Kejìlá.