Ẹrù tí mo dì lọ sí Jámánì

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n mú fún Erasmus+, ètò ilẹ̀ Yúróòpù tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gbọ́ tèmi. Owó ilé-ìwé kọ́ ni wàhálà, torí yunifásítì tí ẹ ń lọ kì í gbà á. Ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ ni kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn: gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ máa ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin àti ilé-ìwé méjèèjì sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbéra. ECTS (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ kọ́ọ̀sì ní Yúróòpù) 30 ni ti sáà kan. Tí ẹ bá pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ tún ìwé náà ṣe kíá, kí máàkì yín má baà há sọ́nà.

Ó wá ku ẹrù. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti di pọ̀nmọ́ sínú báàgì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò gba ẹran wọlé." Ẹja gbígbẹ ni òfin gbà, tí kò bá ti ju kílò 20 lọ.

Gààrí Ìjẹ̀bú ńkọ́! Èyí tó kan dáadáa, tó wẹ́ bí iyanrìn. Ọ̀rá méjì ni màmá fi wé e, wọ́n tún fi sẹlotéèpù dì í gírígírí. Tí kíkan rẹ̀ bá ta mí lẹ́nu nínú òtútù yẹn, orí mi á wálé. Ewùrà nìkan ni mi ò rí rà ní Jámánì. Iṣu funfun wà, ṣùgbọ́n kò lè di ìkọ́kọrẹ́ láéláé.