Bíà ọkà bàbà mi tó dákẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì

Ọjọ́ kẹfà
Mo ti Sábó dé nírọ̀lẹ́, ìdí kẹ́ẹ̀gì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ kí n tó bọ́ bàtà. Ó ti dákẹ́. Rọ́bà tí mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò omi, tó ń sọ gbu-gbu-gbu láti ọjọ́ kìíní, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo bù díẹ̀, mo ju hydrometer, irinṣẹ́ tó ń fi bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, sínú rẹ̀: 1.028. Bí yíìsì bá ṣe ń jẹ ṣúgà ni nọ́ńbà yìí ń wálẹ̀. Ọjọ́ tí mo pọn ọ́n, 1.052 ni. Ibi tí mo fẹ́ kó já sí ni 1.012. Mo tọ́ ọ wò, ó ṣì dùn bí omi ìrèké. Lítà 15 ni o, ọkà bàbà tí mo fọwọ́ ara mi rẹ, tí mo mú hù, tí mo sá sóòrùn.

Ọjọ́ keje
Mi ò da yíìsì mìíràn lé e. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ṣúgà tí yíìsì lè jẹ ṣì kù, torí ọkà bàbà le ju báálì, ọkà tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà, lọ nídìí èyí: ó ń fẹ́ ooru púpọ̀ kó tó rọ̀, ooru náà ló sì ń pa èròjà tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa náà ní láti kọ́ ọ nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì mọ́ọ̀tì wọlé ní 1988. Mo bu ife kan sínú ìgò, mo da yíìsì rẹpẹtẹ sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án
Ti inú ìgò ti bọ́ sí 1.013. Ṣúgà ṣì wà, yíìsì ni kò lágbára. Inú ṣọ́ọ̀bù tó gbóná ni mo ti rà á, fíríìjì ló sì yẹ kó wà. Èmi náà tún dà á sí i nígbà tí inú ilé gbóná tó 32°C. Ó sáré fún ọjọ́ méjì, ó rẹ̀ ẹ́.

Mo ròyìn fún ìyá ológì tó wà lójúlé kejì, tó máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ìjẹta ni mo fi ń mú tòní hó. Ọtí ti mọ́ ọn lára.” Mi ò gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí ohun tó ń mú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí bíà yìí kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ni mo tẹ̀ lé.

Ọjọ́ kẹwàá
Mo ti fi omi ọkà díẹ̀ pamọ́ sí fíríìsà lọ́jọ́ tí mo pọntí. Mo bu omi là á títí ó fi di 1.036, lítà kan gééré. Mo sè é fún ìṣẹ́jú 10, mo jẹ́ kó tutù, mo dà á sínú ìgò tí mo ti fi omi gbígbóná ṣàn, mo wọ́n yíìsì tuntun sí i, mo fi fọ́ìlì bo ẹnu rẹ̀ láì fún un pa. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni mo ń mì í, torí yíìsì tó ń pọ̀ sí i ń fẹ́ atẹ́gùn. Kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ má mì o! Atẹ́gùn á ba bíà jẹ́, á máa rùn bíi páálí tí òjò pa.

Ọjọ́ kọkànlá
Ó ti rí bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ìfófó ti gun ara ìgò. Mo bu ààbọ̀ ife bíà láti inú kẹ́ẹ̀gì sí i, kí ọtí lè máa mọ́ yíìsì náà lára díẹ̀díẹ̀. Ìfófó rọlẹ̀. Mo dúró. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì ó tún gbéra. Mo bu ife kan sí i, ó rọlẹ̀, ó tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ife méjì. Nígbà tí ìfófó ga jù lọ ni mo rọra da gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú báfù omi, mo we aṣọ tútù mọ́ ọn, mo ń ju píọ̀ wọ́tà dídì sínú omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. 24°C ni mo rí mú.

Lóru, mo gbọ́ gbu-gbu-gbu láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ kẹrìnlá, 1.021. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, 1.014. Ogúnjọ́, 1.012.

Ọjọ́ kẹtàlélógún
1.012 náà ni, kò yí padà. Mo rọ ọ́ sínú ìgò lónìí. Ká ní mo ti rọ ọ́ ní 1.028 ni, ìgò ì bá máa bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kan, ó wà nínú fíríìjì de èyí tí màá pọn lóṣù tó ń bọ̀.