Olè Tó Ń Lé Onílé

Ẹni tó bá tún fi àwòrán máàpù ọjọ́ tí a lọ lé bàlúùnù yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi àti olúwarẹ̀ á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Mo ti rí i. Ìyàwó mi ti rí i. Pásítọ̀ wa pàápàá ti rí i. Mo ní kó bá mi gbàdúrà, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ yéé fi iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Injíníà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá òun ni. Látìgbà tó ti gbọ́ pé èmi àti àwọn òyìnbó kan máa ń fi bàlúùnù ránṣẹ́ sókè láti pápá kan lẹ́bàá Cambridge, kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. "Àbúrò, o ò tíì pè mí o." Mo bá pè é. Ó dé pẹ̀lú àǹkárá tuntun lọ́rùn nínú òtútù, ó gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání, ó ní ọ̀nà jíjìn kò ṣeé fi ikùn òfìfo rìn. Ẹ fi ọkàn sí kúlà yẹn o.

Bàlúùnù tí mo ń wí kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí ọmọdé. Rọ́bà ńlá ni, a máa ń fi gáàsì helium kún un títí yóò fi ju ènìyàn lọ. Párásúùtù wà lábẹ́ rẹ̀, àpótí fọ́ọ̀mù kékeré sì wà lábẹ́ párásúùtù. Inú ibẹ̀ ni kámẹ́rà àti tírákà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi rédíò kéde ibi tó wà, ń gbé. Nǹkan bíi mítà márùn-ún ló ń gùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ìta ń fúyẹ́, tí òun náà ń wú, títí fífẹ̀ rẹ̀ á fi tó mítà méje tàbí mẹ́jọ, ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sókè. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ́. Párásúùtù á wá gbé àpótí bọ̀ wálẹ̀, àwa á sì máa fi mọ́tò lé e kiri títí a ó fi bá a.

Tírákà yẹn, ìkànnì rédíò 434 MHz tí kò gba láísẹ́ǹsì ló ń lò, agbára rẹ̀ kò sì ju mílíwáàtì 10 lọ. Fóònù tó wà lápò yín lágbára jù ú lọ fíìfíì. Tó bá wà nílẹ̀, kòtò kan lásán lè gbé ohùn rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó dé òkè, níbi tí kò sí igi tàbí ilé tó máa dí i lọ́nà, àwọn tó wà ní Netherlands á máa gbọ́ ọ ketekete. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi ibi tí tírákà wà sórí máàpù SondeHub lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé á sì máa wò ó. Gbogbo ayé, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ayé.

Mo kó tírákà méjì dání, ọ̀kan fún bàlúùnù, ọ̀kan fún àpamọ́. Mo tan méjèèjì kí Injíníà lè rí bí iná aláwọ̀ ewé wọn ṣe ń ṣẹ́jú. Ó wò ó títí, ó ya fọ́tò sí i. A so ọ̀kan mọ́ bàlúùnù. Èkejì, ẹ jẹ́ ká fi ti èkejì sílẹ̀ ná.

Ìwé àṣẹ CAA, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Ìlú Ọba, wà lọ́wọ́ wa, atẹ́gùn ń fẹ́ lọ síhà ìlà-oòrùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàlúùnù gbéra. Injíníà ń juwọ́ sí i bí ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. A kó sínú mọ́tò, a dorí kọ òpópónà A14.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí. Antẹ́nà ọwọ́ mi, ibi tí mo bá kọjú rẹ̀ sí ló yẹ kó ti máa gbọ́ tírákà dáadáa. Páìpù omi àti hángà aṣọ ni mo fi ṣe é. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Lọ́jọ́ yìí, mo dojú rẹ̀ kọ ìlà-oòrùn, sígínà kún bámúbámú. Mo yí i sí ìwọ̀-oòrùn, ó kún. Mo jù ú sábẹ́ àga, ó tún kún sí i. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Èmi ń ronú iye tí mo máa tà á tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ọjà.

Máàpù ṣáà ni kò gbádùn. Yóò ní bàlúùnù wà ní mítà 21,000, kò ní pẹ́ yóò ní ó wà ní mítà 32, lójú títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Injíníà ní kí ló dé. Mo tún ìjókòó mi ṣe. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ẹ̀rọ GPS mìíràn kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti kọjá kìlómítà 18, torí wọ́n fi òfin dè wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n darí mísáìlì. Pé àfi kéèyàn yí ètò inú wọn padà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ o. Kò kàn kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Injíníà mi orí, ó ní, "Ìmọ̀ dára o," mo sì gbà á bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ mísáìlì tí mo dá sílẹ̀ kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá àwọn ológun Ìlú Ọba kò ní yìnbọn lu bàlúùnù wa. Mo bá sọ ti Amẹ́ríkà fún un. Ní oṣù kejì ọdún 2023, bàlúùnù kékeré kan tí ẹgbẹ́ onírédíò kan ní àríwá Illinois fi ránṣẹ́ ń yí ayé po jẹ́jẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà, etíkun Alaska ni wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, bàlúù ogun F-22 yin mísáìlì lu ohun kan tí wọn ò dá mọ̀ lójú sánmà Yukon ní Kánádà. Ìjọba kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bàlúùnù ẹgbẹ́ náà ni ohun tí wọ́n yìn lulẹ̀, ṣùgbọ́n bàlúùnù yẹn kò fọhùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Mísáìlì ọ̀hún lé ní 400,000 dọ́là. Irú fèrè tí wọ́n fi ń ṣe ọṣọ́ ayẹyẹ sì ni irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀.

Injíníà dákẹ́ lọ títí.

"Ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún dọ́là, torí àtibẹ́ fèrè. Ṣé wọn ò ní abẹ́rẹ́ nílùú yẹn ni?"

Bàlúùnù tiwa bẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ rí i lókè ìlú Diss, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí tó bá ti balẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kò pẹ́ tó fi yọ lórí máàpù padà, ó wà lórí A14, ó ń sá 60 máìlì láàárín wákàtí kan.

"Wọ́n ti jí i!" Injíníà ló kígbe. Ẹ máa rántí pé òun ló kígbe.

Ẹ wá wo nǹkan. Máàpù kì í yára, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ọ̀rọ̀ jáde. Nítorí náà, lójú máàpù, ẹ̀yìn wa gẹ́ẹ́ ni olè wà. Mo dẹ ìrìn kó lè kọjá, kí n rí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀. Olè náà dẹ ìrìn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo dúró. Olè dúró. A yíjú wẹ̀yìn, koríko nìkan la rí.

Ojú Injíníà yí padà. Ó ní, "Àbúrò, èyí kì í ṣe olè lásán." Ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kọkànlélógún lé ọgọ́rùn-ún. Mo tẹná, mo dé 70 tí òfin gbà, n kò kọjá ibẹ̀, torí kámẹ́rà ń bẹ lójú ọ̀nà, ẹ̀mí òkùnkùn kò sì ní bá mi san owó ìtanràn. Òun náà dé 70. Bí àwa tá a ń lé bàlúùnù ṣe di ẹni tí bàlúùnù ń lé nìyẹn.

Fóònù mi tún wá ń dún, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Mo fẹ́ gbé e, Injíníà di ọwọ́ mi mú. "Má gbé e! Owó ìtúsílẹ̀ ló fẹ́ gbà. Jẹ́ kí ọkàn tirẹ̀ náà kọ́kọ́ pami."

A sá wọ ilé epo kan, torí pé èrò wà níbẹ̀. Mo wo máàpù. Olè ti yà wọlé. Injíníà bọ́ sílẹ̀, ó ń wo gbogbo mọ́tò tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró síwájú ìyá òyìnbó arúgbó kan tó gbé ajá sórí itan. Ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí ìyá dárí jì òun, kí ni wọ́n kó sínú búùtù? Màmá yìí, Ọlọ́run á bù kún wọn, ṣí búùtù wọn fún un. Oúnjẹ ajá.

Ibẹ̀ ni ìfiránṣẹ́ kan ti wọlé sórí fóònù mi. Bàbá àgbà kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi rédíò gbọ́ wa láti ilé wọn, tó ti ń wo máàpù látàárọ̀ pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Ó kọ ọ́ tìwà tìwà: òun rí i pé bàlúùnù wa ti yà lọ ra epo, ṣé ìrìn-àjò ń lọ dáadáa?

Mo ka iṣẹ́ yẹn tán, ara mi tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo lọ ṣí búùtù wa. Tírákà kejì jókòó lórí ìdérí kúlà ìrẹsì, lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn níbi tó ti ń rí ojú ọ̀run kedere, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi. Orúkọ kan náà ni mo kọ sínú òun àti ìkejì rẹ̀, ìkànnì kan náà, máàpù sì kà wọ́n sí ọ̀kan ṣoṣo. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni gbogbo ayé ti ń wò lórí máàpù. Ìrẹsì la fẹ́ gba nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀. Ìrẹsì ni Injíníà ń ka Sáàmù lé lórí.

Injíníà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ṣé o rí i? Látàárọ̀ ni mo ti ń sọ fún ẹ pé ẹni tó sún mọ́ wa ló ṣe é."

Fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé e. Àgbẹ̀ kan ni, lẹ́bàá Diss. Àpótí kan já sínú oko bíìtì rẹ̀, ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ó rí nọ́ńbà mi tí mo kọ sí i lára, ó sì ti ń pè mí tipẹ́ pé kí n wá gbé e. Kí n tó dáhùn, Injíníà ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ki ohùn, ó béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ pé èló ló fẹ́ gbà.

Àgbẹ̀ rò pé oníbàárà ni. Ó sọ iye tó ń ta bíìtì tọ́ọ̀nù kan.

Injíníà ní ó ti wọ́n jù.